Àríwísí Díẹ̀ Lórí Àwọn Ewì Omíyalé

Ewì márùn-ún ni ó dé ọwọ́ àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn òjò tí ó kọjá, márààrún ni ó sì dá lórí omi tí ń lé àwọn ènìyàn kúrò nílé ní etí òkun. Wọ́n kó wọn fún mi pé kí n kà wọ́n, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí nínú wọn. Iṣẹ́ náà kò rọrùn fún mi, nítorí ọ̀kan nínú márùn-ún náà, ọwọ́ èmi fúnra mi ni ó ti jáde. Bí mo bá wí pé àwọn yòókù kò dára, a ó ní ìlara ni. Bí mo bá sì yin gbogbo wọn, ara mi ni mo ń yìn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, wọ́n ní àwọn kò rí ẹlòmíràn tí ó ní àyè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ti ara mi ni n óò bá wí jù.

Mo fẹ́ sọ ọ́ kedere pé kò sí èyí tí kò dùn létí nínú wọn. Àwọn tí ó kọ wọ́n mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ gun ara wọn, wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí ohùn gbé lọ sókè àti ibi tí ó yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kà wọ́n lọ ni mo ń bi ara mi léèrè pé, ta ni ó ṣe nǹkan yìí? Nínú ewì márààrún, omi ni. Òkun ni ó gbé ilé mì, òkun ni ó kó àwọ̀n lọ, òkun ni ó hú òkú àwọn bàbá jáde nínú sàréè. Kò sí ènìyàn kan tí ó ṣe ohunkóhun nínú wọn, àfi kí ó sunkún tàbí kí ó sá.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Kì í ṣe irú ìjì ńlá tí í jà ní Amẹ́ríkà ni ó ń jà ní etí òkun tiwa. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sọ fún wa pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjì wọ̀nyẹn, ìhà ti wa ní Áfíríkà ni afẹ́fẹ́ tí ó bí wọn ti ń jáde lọ sórí òkun. Wọn a kúrò lọ́dọ̀ wa ní kékeré, wọn a dàgbà lójú ọ̀nà, wọn a sì di ẹ̀rù fún àwọn ará Kúbà àti ará Florida. Tiwa kì í dé lójú ọjọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń bọ̀: ìgbì ọdún yìí á mú ojúlé mélòó kan, ti èyí tí ó tẹ̀ lé e á dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bóyá nítorí pé kò fi ariwo wá ni kò fi sí ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń sọ tiwọn.

Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni gbogbo ewì náà dárúkọ, kò sì jìnnà sí wa tó bí àwa ọmọ Àgó-Ìwòyè ti rò. Etí òkun kan náà ni ó lọ láti Èkó, tí ó gba Ògùn Waterside tiwa kọjá, tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n yà kúrò nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ ìlú náà dó. Wọ́n jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́, àpò kan ṣoṣo ni owó wọn ń wọ̀. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà elépo. Irú ìlú tí àwọn àlejò láti òkè òkun máa ń wá wò ni, tí wọn a sì padà lọ kọ ìwé lé e lórí.

Ní ọdún 2004, NDDC, ilé iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 láti tún agbègbè Niger Delta ṣe, gbé iṣẹ́ ògiri tí yóò dá òkun dúró ní Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe kan. Iye tí wọ́n dá lé iṣẹ́ náà ju N6 bílíọ̀nù lọ. Ní ọdún 2009 wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni ìṣáájú, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, ní 2024, àwọn ará ìlú ṣì ń kígbe sí ìjọba, òkun sì ń wọlé, kò rí ògiri kankan tí yóò fi orí sọ. Ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án ni NDDC ń mójú tó. Oǹdó wà lára wọn, Ògùn kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, apẹja tí ó bá ń gbé ní ìhà tiwa nínú ààlà náà kò tilẹ̀ ní ìlérí tí wọn yóò yẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo tún padà lọ ka ewì márùn-ún náà, mo ń wá ọdún 2004 nínú wọn, n kò rí i. Mo wá ògiri, n kò rí i. Mo wá owó, kò sí. Nínú tèmi, ìlà méjìdínlógójì, ọ̀rọ̀ náà òkun fara hàn nígbà mọ́kànlá.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ kan ni ó kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà, ọ̀rọ̀ náà sì ni èyí tí gbogbo wa fi ń pe irú nǹkan báyìí: omíyalé. Ọmọdé tí ó bá gbọ́ omíyalé yóò dáhùn pé àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ ìgboro ni èyí. Ta ni ó ní ṣọ́ọ̀bù tí àgbàrá lè ya ní ìlú apẹja? Ìbàdàn ni ó bá mu. Ní ọjọ́ 31 August 1980, odò Ògùnpa kún kọjá bèbè rẹ̀, àwọn tí ó kú sì lé ní 200. Ní ọjọ́ 26 August 2011, òjò ńlá mìíràn rọ̀ sí ìlú kan náà, ó tún pa nǹkan bí 100 ènìyàn. Ìbànújẹ́ ńlá ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n omi Ìbàdàn wá, ó sì lọ. Ilẹ̀ mọ́, àwọn tí ó kù gbá ẹrẹ̀ jáde ní pálọ̀, wọ́n sá ibùsùn sí oòrùn. Omi Ayétòrò dé, ó jókòó. Ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù rí, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀. Síbẹ̀ orúkọ kan náà ni akéwì wa fún méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n lo díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi ní kíláàsì, kí owó tí bàbá mi ń san má baà ṣòfò. Ọ̀rọ̀-ìṣe wo ni ó wà nínú omíyalé? Yà kan wà tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀: ẹni tí ń re oko tí ó yà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ya mìíràn wà tí ó ní ohùn àárín: aṣọ ya, odò ya. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ gírámà èdè wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀, bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ a gòkè di ti àárín. Kí ni o rà? Mo ra aṣọ. Nítorí náà, bí a bá ti so ó mọ́ ilé tí ó di yalé, etí kò lè mọ̀ ọ́n mọ́ bóyá ńṣe ni omi yà kí wa bí àlejò, tàbí ńṣe ni ó fa ilé wa ya bí àkísà. N kò wí pé mo mọ èyí tí àwọn tí ó dá ọ̀rọ̀ náà ní lọ́kàn. Bí olùkọ́ wa kan bá mọ̀ ọ́n, kí ó dárí jì mí, kí ó sì kọ̀wé sí olóòtú.

Ohun tí mo rí ni pé olúkúlùkù ń gbọ́ èyí tí ó bá a lára mu. Onílé gbọ́ ya. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi ìjọba wá kí i gbọ́ yà: àlejò kan dé sọ́dọ̀ yín, kò ní í pẹ́ lọ, ẹ ní sùúrù. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n máa ń kó wá fún onílé ni irú ohun tí a fi í gba àlejò ọjọ́ mẹ́ta: ẹní, ìrẹsì, gàrí, aṣọ ìbora. Kò sí ẹni tí ó ń fi aṣọ ìbora dí ilé tí ó ya.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ewì náà. Èyí tí ó dára jù nínú wọn, tí ó sì bí mi nínú jù, ni èyí tí ó fi òkun wé kìnnìún. Ẹni tí ó kọ ọ́ ní etí púpọ̀. Ó mọ bí a ti ń to òkun, òkùnkùn àti òkú tẹ̀ lé ara wọn títí ọ̀rọ̀ yóò fi máa bú bí ìgbì. Nígbà tí a kà á ní ìpàdé, àwọn kan pàtẹ́wọ́ kí ó tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà mẹ́fà ni ó pe Ayétòrò, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kan ohun tí orúkọ náà ń sọ. Omi ni a máa ń wí pé ó tòrò. Àwọn tí ó sọ ìlú náà lórúkọ fi ayé wé omi inú ìkòkò tí a gbé kalẹ̀, tí a kò fọwọ́ kàn, tí ìdọ̀tí rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀. Omi tí ó bá ti tòrò kì í dédé rú. Ẹnìkan ni ó ń kì ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀bùn ni orúkọ ìlú yìí jẹ́ fún akéwì, ọ̀rẹ́ wa sì fò ó dá, ó lọ mú kìnnìún láti inú igbó wá sí etí òkun, níbi tí kò sí kìnnìún.

Ewì kejì yin gómìnà kan tí ó wọ bàtà òjò lọ wo omi. N kò ní ohun púpọ̀ láti sọ lórí rẹ̀. Bàtà náà dára.

Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jọra, àdúrà ni wọ́n fi parí méjèèjì, èyí sì mú mi dé ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ẹ fi etí sí rédíò ní ọjọ́ tí olóṣèlú kan bá lọ kí àwọn tí omi lé jáde nílé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ètò tí kì í yẹ̀, bí ìgbà tí onírárà bá ń ki ọba. Yóò kọ́kọ́ kí wọn pé ẹ kú ewu, ẹ kú àmúmọ́ra. Yóò wí pé àmúwá Ọlọ́run ni. Yóò ní ìjọba ti gbọ́, ìjọba yóò ṣe é. Ẹ kíyè sí yóò náà, òun ni òpó tí gbogbo ilé yẹn dúró lé. Lẹ́yìn náà ni yóò gbàdúrà pé Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́, gbogbo ènìyàn yóò sì ṣe Àmín. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Lẹ́yìn Àmín, ta ni yóò tún nawọ́ sókè pé òun ní ìbéèrè? Yóò dà bí ẹni tí kò fẹ́ kí àdúrà ará ìlú gbà. N kò bú àdúrà o. Ìyá mi ń gbà á, èmi náà ń gbà á, pàápàá bí ìdánwò bá ti kù dẹ̀dẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé irin iṣẹ́ ni lẹ́nu ẹni yìí, ìlẹ̀kùn ni ó fi ń tì, ọ̀rẹ́ wa méjì sì ti yá irin iṣẹ́ náà lò láìmọ̀. Ewì wọn ti parí kí ó tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni èdè ń ṣe báyìí fún. Ní 29 August 2005, ìjì tí wọ́n pè ní Katrina kọlu Louisiana ní Amẹ́ríkà, omi sì bo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú New Orleans. Àwọn tí ó kú, bí wọ́n ti kọ́kọ́ kà wọ́n, lé ní 1,800. Nígbà tí wọ́n tún ìṣirò náà yẹ̀ wò ní ọdún 2023, wọ́n fi í sí 1,392. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ààrẹ wọn, George W. Bush, wí pé òun kò rò pé ẹnikẹ́ni retí pé ògiri tí ó ń dá omi dúró yóò ya. Ní 2 September ó yin Michael Brown, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó gba àwọn ènìyàn náà là, lójú gbogbo ayé, pé iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn náà, Brown kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwòrán méjì kan tún jáde nígbà náà tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ̀. Nínú ọ̀kan, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ń la omi kọjá pẹ̀lú ẹrù oúnjẹ. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ó ti kó ṣọ́ọ̀bù. Nínú èkejì, ọkùnrin àti obìnrin aláwọ̀ funfun wà nínú irú omi kan náà, pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n rí búrẹ́dì. Ilé iṣẹ́ ìròyìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kì í ṣe ẹnìkan. Síbẹ̀, ẹ wo bí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ti ń sọ ènìyàn di olè nígbà tí òmíràn ń sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ di olóríire.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní June 2006 ni mo tìtorí rẹ̀ mẹ́nu ba Amẹ́ríkà. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ológun tí wọ́n kọ́ ògiri náà gan-an gbé ìròyìn ńlá jáde, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé ètò ògiri náà kò dára tó. Ní àwọn ibòmíràn ó ti wó kí omi tó dé orí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí ó bá ń fẹ́ òtítọ́ kò lè wí pé omi ni ó ya New Orleans kí ó sì dákẹ́. Gbólóhùn náà ti ní olùwà mìíràn.

Ṣé a kò rí irú rẹ̀ nílé ni? Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba àwọn òyìnbó kó òkúta ńlá jọ sí ẹnu òkun Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè máa wọlé láìséwu. Yanrìn etí òkun wa a máa rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Òkúta yẹn dá a dúró ní apá kan, apá kejì tí a ń pè ní Bar Beach kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n mọ ògiri ńlá sí ibẹ̀, wọ́n kó yanrìn kún ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Eko Atlantic, wọ́n ń ta ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tí ó lówó. Ẹ rí i báyìí pé ògiri ṣeé mọ. Òkun kan náà ni.

Mo ti wí pé ti ara mi ni n óò bá wí jù, àkókò rẹ̀ tó. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá mi, ìlú onígẹdú. Ògùn Waterside ni ìyá mi ti wá, ní abúlé apẹja kan tí ènìyàn ní láti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò kí ó tó wọ ọkọ̀ dé. Nígbà ìsinmi, mo mú ewì mi dání lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ilé rẹ̀ kẹta ni mo bá a. Omi ti wà lórí méjì àkọ́kọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú gbogbo ohùn tí mo ní. Kò gbé ojú sókè. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ó dùn. Ta ni o kọ ọ́ fún?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

Ó ní, “Èmi? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni mo ti mọ òkun, n kò gbọ́ ọ rí kí ó ṣèlérí fún mi. Àwọn tí ó ṣèlérí dà nínú ewì rẹ?”

N kò rí èsì fọ̀. Mo ní àkàwé ni mo ń lò, pé àwọn akéwì a máa sọ̀rọ̀ omi bí ẹni pé ènìyàn ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi àtàǹpàkò kan ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. “Pákó ilé yìí, Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti rà á, bàbá rẹ mọ ẹni tí ó là á. Bí ó bá jẹrà kí ọdún tó yí po, ṣé òjò ni kí n lọ bá, àbí ẹni tí ó gba owó mi?”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú lórí irú ewì tí a kọ. Mo gbà pé arò ni gbogbo wa kọ. Arò dára ní àyè rẹ̀. Nígbà tí àgbà kan bá kú, a kì í béèrè ẹni tí ó pa á. Ikú ni, a óò bú Ikú, a óò ki òkú, a óò sunkún, ara yóò sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí a gba owó ògiri rẹ̀ tí a kò mọ ògiri náà kò kú ikú àgbà. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ní ewì tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn baba wa, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí náà. Ní ilẹ̀ Yewa àti ní Kétu, ní òru tí ó ṣáájú ìjáde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ a jáde. Yóò júbà àwọn ìyá, yóò ṣúre fún ìlú, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ lọ́sàn-án: ẹni tí ó jí, ẹni tí ó jẹ owó ìlú, ìjòyè tí ó ta ilẹ̀ ọmọ òrukàn. Kò sí ẹni tí yóò mú un sí i. Ní ọdún 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Àwa tí ó wà nítòsí rẹ̀ sì jókòó sí Àgó-Ìwòyè, arò ni a ń fi sọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú àwọn olóòtú kò gbà. Ó ní akéwì kì í ṣe ọlọ́pàá, pé bí a bá dárúkọ ẹni tí a kò ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ ni a óò ti jọ kí ara wa. Òtítọ́ ni ó sọ, mo sì mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní owó lọ́yà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí a dárúkọ ẹnikẹ́ni? Ọdún 2004 kì í ṣe èébú. N6 bílíọ̀nù kì í ṣe ìbanilórúkọjẹ́. Kí a kàn gbé wọn sínú ewì, kí a gbé ògiri tí kò sí náà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí a sì kọjá lọ.

Olùkọ́ wa kan tún wí ohun tí ó wúwo ju èyí lọ. Ó ní láti ayébáyé ni Yorùbá ti ń pe òkun bí ẹni tí ó ní ẹnu àti ọwọ́, pé Olókun ti wà kí gírámà tó dé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń bọ Olókun, bí omi bá bínú, wọn kì í wí pé omi ni kí wọ́n sì lọ sùn. Wọn a gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, wọn a bi Ifá léèrè pé kí ni ó fà á, ta ni ó ṣẹ̀, kí ni ó jẹ tí kò san. Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo ń wá nínú ewì márùn-ún yìí.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgó-Ìwòyè fi sọ́kàn bí ẹ bá ń kà wọ́n. Ìjẹ̀bú North, Ìjẹ̀bú East àti Ògùn Waterside, ìjókòó kan ṣoṣo ni a jùmọ̀ ní ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Ìbò onígẹdú àti ìbò apẹja, inú àpótí kan ni wọ́n ń wọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ etí òkun kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò lẹ́nu wa, a kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ bí ẹni tí ó dúró lórí òkè tí ó ń wo omi ẹlòmíràn.

Mo ti gba ewì tèmi padà lọ́wọ́ olóòtú. Mẹ́rin yòókù wà ní ojú ìwé tí ó tẹ̀ lé èyí, ẹ kà wọ́n sókè, wọ́n dùn. Mo ń tún tèmi kọ ní irú ohùn ti Ẹ̀fẹ̀, kò sì tíì rí bí mo ti fẹ́. Wọ́n ni ó ń dà mí láàmú. Èdè wa fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀: wọ́n gba owó, wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, wọ́n ní kí a ní sùúrù. Mo fẹ́ rí bí a ti lè lò ó tí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò fi yí ojú padà wò wọ́n. Mo ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé n óò mú un wá kà fún un bí mo bá parí. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n tètè dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí n má baà lọ wá òun sí ilé kẹta.